Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ìrìn àjò Ayétòrò àti Ìdànrè ti di ìjà

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó kí èmi àtọkọ mi lè lọ yí ìpínlẹ̀ Oǹdó ká, ká wo òkun ní Ayétòrò, ká gun òkè Ìdànrè, ká wá dé Ihò Eléérú ní Ìsárun, níbi tí wọ́n ti hú egungun èèyàn ayé àtijọ́ lọ́dún 1965. Àfi bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣe gbọ́, ló bá lóun ń bá wa lọ! Bọ̀dá tó jẹ mọ́ínmọ́ín mi lọ́jọ́ Kérésì tó ní iyọ̀ ò dé ibẹ̀, síbẹ̀ ó di mẹ́rin lọ sílé. Ní báyìí ó ti sọ ara ẹ̀ di ọ̀gá, ó ní n ò gbọdọ̀ gun òkè, n ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, kí n jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Àkúrẹ́ kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n. Èmi tí mo ṣètò ẹ̀! Ọkọ mi kàn ń wò bí ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, báwo ni mo sì ṣe máa yọ bọ̀dá yìí kúrò ńbẹ̀?

Bàbá Tósìn: Ìgbà wo lẹ fẹ́ lọ? Mọ́tò wo lẹ fẹ́ gbé? Ẹ ò sọ ìkankan, mọ́ínmọ́ín lẹ̀ ń sọ.

Sísí Ìlàjẹ: Ayétòrò ni wọ́n bí ìyá mi sí, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Láti Òrè ẹ ya sọ́nà Òkìtìpupa, ẹ lọ sí Igbókòdá, ibẹ̀ lẹ ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jẹ pupuru kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ o. Àmọ́ ẹ má retí ìlú tí wọ́n máa ń ròyìn, pé látọdún 1947 tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, àjùmọ̀ní ni gbogbo nǹkan, wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń hun aṣọ. Òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé. Ibi tílé ìyá ìyá mi wà, omi ló wà ńbẹ̀ báyìí.

Màmá Ìbejì: Ìdànrè! Àtẹ̀gùn tó lé ní 600! Ìgbà tí mò ń ṣe àgùnbánirọ̀ ni mo gùn ún, bàtà mi já lọ́nà, ọ̀rẹ́kùnrin mi ìgbà yẹn ló pọ̀n mí, òun kọ́ ló padà fẹ́ mi ṣá. Ṣùgbọ́n lókè lọ́hùn-ún, ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, wà ńbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà ńbẹ̀, iléèwé ọdún 1896, ipasẹ̀ Agbóògùn tó wà lára òkúta. Ẹ gùn ún jàre.

Ọmọ Ìfẹ́dọ̀rẹ́: Ihò Eléérú kì í ṣe ibi téèyàn ń páàkì síwájú ẹ̀ o. Inú igbó ni, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn, ẹ mú ẹni tó mọ̀nà ní Ìsárun. Egungun ò sí ńbẹ̀ mọ́, Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn tó wú u jáde, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti kó o lọ. Ó lé ní 11,000 ọdún.

Gbénga: 11,000 kẹ̀? Odùduwà ò tíì dé nígbà yẹn.

Ọmọ Ìfẹ́dọ̀rẹ́: Ta ló dárúkọ Odùduwà? Èèyàn ti ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń fi òkúta ṣe irinṣẹ́. Lọ kàwé.

Àlàájà: Ẹ̀gbọ́n ọkọ ni o, a kì í lé e. Ní kọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ ti bá a sọ̀rọ̀.

Màmá Ìbejì: Ohun témi náà rò nìyẹn, ṣùgbọ́n ọkọ ni kó bá a sọ̀rọ̀.

Àbẹ̀kẹ́: Ọkọ mi ò lè sọ̀rọ̀, mọ́tò bọ̀dá la fẹ́ lò.

Bàbá Tósìn: Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ fẹ́ lé onímọ́tò kúrò nínú mọ́tò ẹ̀. Ìgbà wo lẹ wá ń lọ?

Àbẹ̀kẹ́: Èmi ni mò ń ra epo o, kì í ṣọ̀fẹ́. Oṣù Keje ni, kò sì ṣeé sún, torí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ní màá bí.

Sísí Ìlàjẹ: BÍ KÍ NI?

Àlàájà: Ẹ wo ọmọ yìí o! Oyún oṣù méje lo fẹ́ gbé gun òkè lásìkò òjò, tí gbogbo òkúta ń yọ̀?

Àbẹ̀kẹ́: Oyún kì í ṣàìsàn, mà. Ara mi le. Bọ̀dá náà kì í ṣe dókítà, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí lásán ni.

Bàbá Tósìn: Lásán!!!

Gbénga: Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ìyá mi lọ oko títí dọjọ́ tó bí mi.

Àlàájà: Ìyá ẹ ò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ soko. Gbénga, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Sísí Ìlàjẹ: Àǹtí mi, ọkọ̀ yẹn máa ń fò tómi bá ru, bàǹbà ló máa ń balẹ̀. Ẹ dé Igbókòdá, ẹ ra ẹja, ẹ yà padà. Tẹ́ ẹ bá bímọ tán èmi gan-an á mú yín dé Ayétòrò.

Àbẹ̀kẹ́: Mo ti gbọ́ tọkọ̀ omi. Ìdànrè ńkọ́? Ṣé ibi ìsinmi àkọ́kọ́ jìnnà sílẹ̀? Mo kàn ń béèrè ni o.

Àlàájà: Ẹ bá mi wá nọ́ńbà bọ̀dá yẹn.