"Àyẹ̀wò" nìkan kò tó

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú làákàyè o. Lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé "àyẹ̀wò" ni ká máa pe gbogbo akitiyan láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá (AI) ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. N kò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo iṣẹ́ tí Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, àwọn olùwádìí nípa ẹ̀rọ wọ̀nyí, ṣe ní 2018. Wọ́n kó àwòrán aṣòfin 1,270 jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Rwanda àti Senegal wà nínú wọn, wọ́n fi dán ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta wò, bóyá ó lè wo ojú kó sọ ẹni tó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Lápapọ̀, àwọn ẹ̀rọ náà yege. Ìgbà tí wọ́n tú èsì sí wẹ́wẹ́ ni àṣírí tú: àṣìṣe lórí ọkùnrin aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, ti ẹ̀rọ kan dé 34.7.

"Ìdánwò" ni bíbi ẹ̀rọ ní ìbéèrè ká sì ka èyí tó gbà. "Àyẹ̀wò" ni yíyẹ inú rẹ̀ wò: kí ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn ta ni kò sí níbẹ̀? Àmọ́ ẹ̀rọ lè yege ìdánwò lórí àwòrán tó mọ́ kedere, kó wá ṣìnà lórí àwòrán kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù tó ṣú. Ní January 2020, ọlọ́pàá Detroit ní Amẹ́ríkà mú Robert Williams lójú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ fi ojú rẹ̀ pe ojú olè. Ohun tí wọn kò ní lọ́wọ́ níbẹ̀ ni "àrídájú": ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà tó fún ibi tí wọ́n fẹ́ lò ó. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ mí lógún jù, "àyẹ̀wò" kò sì lè gbé e.

Mo tún ta ko "ìṣeéfọkàntán" tí ẹnì kan dábàá láti fi pe bí ẹ̀rọ ṣe tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tó ní ìwà, tó mọ ìtìjú, là ń fọkàn tán. Ọ̀pá là ń gbára lé, ẹ̀rọ náà nìyẹn: "ìṣeégbáralé" ni kí ó jẹ́. Bí akọ̀ròyìn bá ń kọ "ìṣeéfọkàntán", àwọn òǹkàwé á rò pé ẹ̀rọ ní ọkàn.

Ó ku ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó ń ṣe dáadáa lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìṣe nítorí ayé yí padà, bí kòrónà ṣe sọ àkọsílẹ̀ ìṣòwò 2019 di aláìwúlò ní 2020. "Ìyapa" ni mo fi ń pè é báyìí. Ta ló ní èyí tó sàn jù ú lọ?