Àbúrò mi gbé kíbọ́ọ̀dù wọnú àpàlà bàbá wa, kí ni mo lè ṣe?

Ọmọ Onílù Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ̀yin ará ilé mo kí yín o, ẹ̀yin àgbà mo kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí láti Sátidé ni oorun ò ti kun ojú mi. Bàbá wa kọrin àpàlà ní Ìjẹ̀bú-Igbó fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, òkìkí wọn ò dé Èkó o, àmọ́ láti Àgọ́-Ìwòyè dé Orù dé Ìjẹ̀bú-Òde, tí àgbà bá kú, àwọn ni wọ́n máa ń wá pè. Àgídìgbo, àkúbà, gángan méjì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga, wọ́n á máa kì yín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti orí ìyá ìyá yín wá, owó á máa fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde lápò. Wọ́n ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àbúrò mi ọkùnrin ló gba máìkì.

Sátidé tó kọjá wọ́n pè é sí òkú ìyá àgbà kan ní Òkè-Sòpen. Mo ra aṣọ ẹbí, mo lọ. Oúnjẹ ò dé tábìlì wa títí aago márùn-ún fi lù, ìyàwó àbúrò mi rí mi ó kàn mi orí lásán kò kúnlẹ̀, bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ lówó, mo ní kò burú. Ìgbà tí báǹdì máa bẹ̀rẹ̀ ni ara mi bù máṣọ. Wọ́n to kíbọ́ọ̀dù, wọ́n to jáàsì, gìtá kan wà ńbẹ̀, gángan ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn tí ẹ ò sì gbọ́ ohun tó ń wí. Orin tí bàbá wa máa ń rọra kọ, ó ń sáré lé e bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Bàbá kan tó jẹ́ pé tí Ojúde Ọba bá ti ń bọ̀ bàbá wa ni wọ́n máa ń pè fún ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ti mú owó dání, wọ́n ká a padà sápò, wọ́n gbéra ńlẹ̀, wọ́n lọ. Ojú mi báyìí ni o. Mo sunkún délé.

Fídíò yẹn ti ń káàkiri báyìí. Ẹnì kan ní fújì ni, ẹnì kan ní kì í ṣe fújì kì í ṣe àpàlà, ẹnì kan wá kọ ọ́ pé orúkọ òkú ni ọmọ náà fi ń jẹun. Ṣé mo lè gba orúkọ báǹdì lọ́wọ́ ẹ̀? Ṣé lọ́yà ni kí n lọ bá ni àbí mọ̀lẹ́bí? Èmi ni àkọ́bí.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:
Pẹ̀lẹ́ àǹtí mi, ó dùn mí fún yín. Ìyàwó tí ò kúnlẹ̀ yẹn, ẹ má fojú fo ìyẹn o. Ní ti orin, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé mi. 1989 tí Shina Peters gbé Afro-Jùjú dé, ọkọ mi tí kò gbọ́ nǹkan mìíràn ju Ebenezer Obey lọ sọ pé òun ò fẹ́ gbọ́ ọ nínú ilé òun, ó ní ìlù ti pọ̀ jù ọgbọ́n ti tán ńnú ẹ̀. Èmi sì rèé, mo ti ra kásẹ́ẹ̀tì yẹn, mo máa ń fi aṣọ dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí ohùn má bàa jáde. Ó tó ọdún méjì. Ọjọ́ tí wọ́n ń kó ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jáde ní Mákùn ni wọ́n gbé e sí i, ọkọ mi jó débi tí fìlà fi já sílẹ̀. Mi ò tíì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ títí dòní.

Àlhájì Atíkòrí:
Ọmọ mi, o jàre. Èmi mọ bàbá yín dáadáa, Ọlọ́run á fi Alujánà kẹ́ wọn. Ìjẹ̀bú-Igbó kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti ń fi àpàlà ṣeré, ìlú Haruna Ishola ni. Bàbá yẹn jókòó kọrin títí wọ́n fi kú ní 1983, wọn ò gbé gìtá, wọn ò gbé kíbọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló ń gbọ́ wọn. Àpàlà, ọ̀rọ̀ ni. Tí ariwo bá ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kí ló kù? Pe mọ̀lẹ́bí jọ, kí wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀dọ́ Ìtòrò:
Àlhájì ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ Musiliu ọmọ Haruna Ishola yẹn ńkọ́? Ní 2000 tí àwo rẹ̀ gba ìgboro, ṣé bí ti bàbá ẹ̀ ló ṣe dún ni? Ó yára, ó dùn ún jó, àwa tí a jẹ́ ọmọ kékeré nígbà yẹn, ibẹ̀ la ti mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ àpàlà. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ tán ni mo padà lọ wá ti bàbá ẹ̀ gbọ́.

Àlhájì Atíkòrí:
Ìwọ ọmọ yìí, Musiliu ò lé onílù lọ. Ohùn bàbá ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, ìlù ṣì ń sọ̀rọ̀ ńbẹ̀. Lọ tún un gbọ́.

Ọ̀dọ́ Ìtòrò:
Mo ti gbọ́ ọ ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ sà. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn àgbà náà bú u nígbà yẹn. Ẹ bú Wasiu Ayinde náà nígbà tó kó kíbọ́ọ̀dù àti sasofóònù wọnú fújì, ní báyìí tó bá ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ gba ìjókòó iwájú.

Sistá Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ má sọ ibí di ọjà Òkè-Àjẹ, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ń sunkún. Àǹtí, ṣé ẹ ti jókòó ti àbúrò yín, ẹ bi í pé kí ló dé tó fi yí i padà? Àwọn onílù tí bàbá fi sílẹ̀ dà? Mi ò rí ìyẹn nínú ohun tí ẹ kọ.

Ọmọ Onílù Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ ṣé gbogbo yín. Ìyá Ìbejì ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn ẹ̀yin nìkan lẹ rí i. Àlhájì, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Sistá, àwọn onílù bàbá wa, àgbà méjì ti kú, àwọn yòókù ní àwọn ò bá a lọ mọ́. Bí mo ṣe máa bá a jókòó kọ́, èmi ni mo jù ú, òun ló yẹ kó wá bá mi.

Ọmọ Rẹ́mọ Lọ́ńdọ̀nù:
Ìpèrù ni ilé wa, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mo jẹ́ níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òyìnbó àgbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ yìí ló rán mi létí ẹ̀. Orin pọ́ǹkì ló máa ń gbọ́, báǹdì tó fẹ́ràn jù ni The Clash. Pọ́ǹkì yẹn, gìtá tó ń han bí ẹ̀rọ ìlọta ni, orin kan kì í pẹ́ rárá, ìbínú sì ni gbogbo ẹ̀. 1977 ni àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, ọkùnrin yìí ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà yẹn, ó ní ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ń gbèjà òun. Nígbà tó máa di ìparí 1979 wọ́n gbé London Calling jáde, régè wà ńbẹ̀, ska tó jẹ́ orin àwọn ará Jàmáíkà náà wà ńbẹ̀, wọ́n ń fun fèrè onídẹ. Ọdún kejì wọ́n tún gbé àwo mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà tí orin oríṣiríṣi kún inú ẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀, òun náà bínú, òun ò gbọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọjọ́ kan ló tún gbé àwo 1977 yẹn sí i, ló bá rí i pé orin régè àwọn ará Jàmáíkà kan wà nínú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tí àwọn Clash fi ọwọ́ tiwọn kọ. Ó ti wà ńbẹ̀ tipẹ́, etí òun ni kò yà sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún lọ gbọ́ orin bàbá yín dáadáa. Ó lè jẹ́ pé àbúrò yín rí nǹkan kan ńbẹ̀ tí ẹ̀yin ò rí.

Àlhájì Atíkòrí:
Kí ló kan òyìnbó nínú ọ̀rọ̀ àpàlà?

Ọmọ Rẹ́mọ Lọ́ńdọ̀nù:
Ọ̀rọ̀ olórin àti àwọn tó ń gbọ́ ọ ni sà. Ohun kan náà ló ń dun gbogbo wọn.

Ẹ̀gbọ́n Onígángan, Ìjẹ̀bú-Òde:
Iṣẹ́ ìlù ni mò ń ṣe, bàbá mi náà ló kọ́ mi. Mo ti wo fídíò yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọkàn mi ò balẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù yẹn, mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, ọmọ kíbọ́ọ̀dù yẹn ò lu bí àwọn onífújì ṣe ń lù ú. Ohùn kan náà ló ń tẹ̀ padà padà nísàlẹ̀, ó ń rìn, ó ń dúró, ó tún ń rìn. Ohùn àgídìgbo nìyẹn. Ṣe ni ẹnì kan kọ́ ọ pé kó fi kíbọ́ọ̀dù ṣe iṣẹ́ àgídìgbo. Gángan tó wà lẹ́yìn yẹn náà, ìlù àyálò ni, mo mọ ẹni tó ni ín, ará Ojowo ni.

Mo wá ń béèrè. Ọmọ tó fẹ́ ohùn àgídìgbo tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò lu àgídìgbo? Mo ti bá bàbá yín pàdé lóde rí, mo mọ àgídìgbo wọn, àpótí ńlá yẹn tí wọ́n kun ní dúdú. Níbo ló wà?

Sistá Ìkẹ́nnẹ́:
Ìbéèrè gidi.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:
Àǹtí ẹ dá wọn lóhùn o.

Ọmọ Onílù Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé pé èmi ni mo sin bàbá wa. Owó ìsìnkú, owó fídáù ọjọ́ kẹjọ, ogójì ọjọ́, màálù, kánópì, èmi ni. Àbúrò mi ní kò sówó lọ́wọ́ òun, ó ní òun á dá tòun padà. Títí dòní kò dá kọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Onígángan, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ọlọ́run á san án fún yín. Ìlù dà?

Ọmọ Onílù Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ó wà lọ́dọ̀ mi. Gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ mi, nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo kó wọn lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo tì í pa. Mo ní ìgbà tó bá mú owó wá ni yóò kó o. Ó wá lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí n yá òun ní àgídìgbo nìkan, ó ní òde wà ní Orù, mo ní rárá. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀tọ́ mi ni mò ń bèèrè. Tí mo bá kó o fún un, kí ni yóò rán an létí pé ó jẹ mí lówó?

Ọ̀dọ́ Ìtòrò:
Háà.

Sistá Ìkẹ́nnẹ́:
Àǹtí! Ẹ tilẹ̀kùn mọ́ ìlù, ẹ wá ń sunkún pé kò lù ú?

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:
Ìyàwó tí ò kúnlẹ̀ yẹn, mo ti lóye ẹ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi, mo gba ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ padà.

Àlhájì Atíkòrí:
Ọmọ mi, èyí o sọ yìí, o ò kọ́kọ́ sọ ọ́. Owó ni owó, ìlù ni ìlù. Gbèsè, kí ẹ pe àwọn àgbà ilé, kó máa san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó òde. Níbo ni yóò ti rí owó san tí kò bá rí ìlù lù? Àwọn onílù tí o ní wọ́n ní àwọn ò bá a lọ, ṣé kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń bá bínú ni àbí ìlù ni wọn ò rí?

Ọmọ Onílù Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ìlù ni wọn ò rí. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Baba alákùúbà wá bá mi náà, mo ní kí wọ́n lọ bá àbúrò mi.

Ẹ̀gbọ́n Onígángan, Ìjẹ̀bú-Òde:
Mi ò ní bú yín, ó dà bí ẹni pé ẹ ti bú ara yín tán. Ẹ gbọ́ mi. Ọdún mẹ́ta nínú yàrá tí a tì pa, òjò ọdún mẹ́ta, awọ gángan á ti rọ̀ tàbí kó ti ya, eku fẹ́ràn ọsán ìlù gan-an. Irin àgídìgbo á ti dípẹtà. Ẹ má fi omi nù ún. Ẹ kó wọn jáde síbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ má sá wọn sínú oòrùn gangan, awọ á fà ya. Ẹ wo ìdí àpótí yẹn bóyá ikán ti dé ibẹ̀. Tí ẹ bá ti wò ó, ẹ sọ fún mi.

Ọmọ Onílù Ìjẹ̀bú-Igbó:
Mo ti ṣí i. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Awọ gángan kan ti ya, ìkejì ṣì dára. Ikán ò dé ibẹ̀, mo dúpẹ́. Irin àgídìgbo méjì ti dípẹtà, mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan tó kù, ó dún. Ohùn tí ẹ ní kíbọ́ọ̀dù yẹn ń tẹ̀, òun náà ni. Mi ò mọ̀ ọ́n rárá lọ́jọ́ Sátidé.

Mo pe àbúrò mi lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Mo pe ìyàwó ẹ̀, ó gbé e, mo ní kó sọ fún un pé mò ń kó ìlù bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó dákẹ́, ó wá ní "ẹ ṣé mà." Ẹ̀gbọ́n Onígángan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, kí ẹ bá wa tún awọ yẹn ṣe, màá sanwó ẹ̀.

Àlhájì Atíkòrí:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà á wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, kí a sọ ti gbèsè yẹn. Àmọ́ tí ìlù bá ti délé, kí wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù yẹn kúrò.

Ọ̀dọ́ Ìtòrò:
Kí wọ́n fi sílẹ̀ sà. Kí a gbọ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ná.