Òru méjì tí iná lọ mọ́ wa lọ́wọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ìrírí yín lórí iṣẹ́ ibùdó ìtọ́jú omi ẹ̀gbin, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà.

Ibùdó ìtọ́jú omi ẹ̀gbin kan l'Ábẹ́òkúta níbí la fẹ̀, torí ilé ti pọ̀ ju ohun tí táńkì àtijọ́ lè gbà lọ. Ẹ mọ ilẹ̀ wa, òkúta ni. Gbígbẹ́ ihò nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Omi tó mọ́ la kọ́kọ́ rọ kún táńkì tuntun, ká lè rí ibi tó ń jò. Ibi méjì la dí. Nígbà tí a tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi táńkì, ẹ̀yìn ló ń yí sí, àfi ìgbà tí ẹlẹ́tíríṣọ̀n gbé wáyà méjì nínú mẹ́ta sí ipò ara wọn.

Lẹ́yìn náà la lọ fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wá láti ibùdó mìíràn, torí inú rẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí wà. Ẹlẹ́mìí ni wọ́n o. Bí mílígíráàmù 2 ọ́síjìn nínú lítà omi kan la máa ń wá fún wọn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú táńkì hó funfun bí omi ọṣẹ, ẹ̀rù ba àwọn aládùúgbò. Láràárọ̀ ni mo ń bu lítà kan nínú omi táńkì sínú ìgò, tí mò ń gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí n lè wò ó bóyá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejìlá, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, omi orí rẹ̀ tòrò. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo dísù ò sí. Wọ́n ní owó ò tíì jáde. Òru méjì gbáko ni ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fi dúró, tí àwọn kòkòrò wa ò rí ọ́síjìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, òórùn ẹyin bíbàjẹ́ ló pàdé mi lọ́nà, omi ti dúdú. Mo dúró létí táńkì, mo sunkún. Odò Ògùn ni omi yẹn ń ṣàn lọ, odò tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ fún ìlú láti mu! Ọkọ̀ tí ń fa sọ́kàwé la fi kó èyí tó bàjẹ́, a sì tún lọ tọrọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó tún tòrò.

Kọ́kọ́rọ́ ibi tí dísù wà ti wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, wákàtí mélòó ni tiyín fara dà á kó tó máa rùn?