Ará Ìkòròdú, kí lẹ ti lò tán tí ẹ sì tún lọ rà? Mékọ́ọ̀pù, lọ́fíńdà, irinṣẹ́, ẹ kó gbogbo ẹ̀ wá

Ọmọ Ìgbógbó
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ọkọ̀ ojú omi ni mò ń wọ̀ láàárọ̀, láti Ìpakodò lọ sí CMS, ẹni tó bá ń wọ̀ ọ́ ti mọ ohun tí mò ń sọ, atẹ́gùn ọ̀sà á máa gbá èèyàn lójú, jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ wọ̀ yẹn náà ti fara nu faǹdéṣọ̀n gbogbo ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣáájú yín, tẹ́ ẹ bá wá bọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, oòrùn ti ń dúró dè yín. Kí n tó dé ọ́fíìsì, iwájú orí mi á ti máa dán bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo.

Ẹ wá gbọ́ o, mi ò bi yín ní èyí tí ẹ rí lórí TikTok. Gbogbo ìgbà la ń gbọ́ "èyí ni mo fẹ́ràn jù", tó bá dọ̀la òmíràn ni wọ́n tún fẹ́ràn jù. Èyí tí ẹ lò débi pé ẹ fi ọmọ ìka ha ìdí ẹ̀, tó tán pátápátá, tí ẹ tún fi owó ara yín ra òmíràn bí gbogbo nǹkan ṣe wọ́n yìí, òun ni kẹ́ ẹ dárúkọ fún mi.

Tèmi rèé, kó má di pé mò ń gbà mi ò fúnni: páúdà Zaron, èyí tó le, tó wà nínú ike pẹlẹbẹ tó ní dígí. Irin ìdí ẹ̀ ti yọ síta kí n tó jù ú nù, òmíràn ti wà nínú báàgì mi báyìí. Lọ́fíńdà ni mi ò tíì rí èyí tó ń bá mi padà dé ilé.

Aṣojúlóge Sábó
Àbúrò, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí, ojú ìyàwó ni mò ń ṣe ní gbogbo Sátidé, páúdà kọ́ ni ìṣòro ẹ o. Ohun tó wà lábẹ́ páúdà ni. Ọ̀pọ̀ wa á fi ìpara ọlọ́ràá bojú, kò tíì wọra tí sunscreen, ìpara tó ń gba awọ lọ́wọ́ oòrùn, ti dé e lórí, kíá faǹdéṣọ̀n náà ti bọ́ sí i, gbogbo wọn á wá máa yọ̀ lórí ara wọn, o wá ń bú ọ̀sà. Ìpara díẹ̀ ni kó o fi para, kó o wá lọ wọ aṣọ, kó o mu tíì ẹ, kó ti wọra kó o tó kan faǹdéṣọ̀n. Faǹdéṣọ̀n náà, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ni, ibi tó bá lábàwọ́n nìkan ni kó o tún lé e sí.

Irinṣẹ́ tí mi ò lè ṣiṣẹ́ láìsí ni fóòmù kékeré tó rí roboto yẹn. Mo sábà máa ń rí i lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi, gbígbẹ ni wọ́n ń lò ó, òun ló sì ń mu faǹdéṣọ̀n wọn tán! Rẹ ẹ́ sínú omi kó wú, fún un dáadáa títí omi ò fi ní kán mọ́, kó o wá máa fi lù ú jẹ́jẹ́, má fà á. Tí páúdà bá kàn, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú, má fi ra ojú rárá.

Èyí tí mo ti lò tán tí mo tún rà, tí màá sì tún rà tí Ọlọ́run bá fún mi lówó, ni páúdà Sacha Buttercup. Trinidad ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọ̀ ẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, awọ dúdú gbà á dáadáa, tí kámẹ́rà bá sì ta fláàṣì kì í funfun. Ṣé ẹ ti rí fọ́tò òde tí abẹ́ ojú ìyá ìyàwó funfun báláú, tí ìyókù ojú wà bí Ọlọ́run ṣe dá a? Páúdà ló fà á, àwọn tí silica pọ̀ nínú ẹ̀, iná fláàṣì ni wọ́n ń dá padà. Ẹni tó fẹ́ lọ òde kó kọ́kọ́ fi fóònù ya ara ẹ̀ nílé kó tó jáde.

Ti àwọ̀ ńkọ́, nígbà tí Fenty Beauty ti Rihanna jáde ní 2017, àwọ̀ 40 ni wọ́n kó wá lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà yẹn làwọn ilé iṣẹ́ yòókù tó ń ṣe bí ẹni pé a ò sí bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹpẹtẹ ò wúlò tó bá jẹ́ pé abẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù lo ti yàn án. Fi díẹ̀ sí eegun àgbọ̀n, jáde, lọ ra ata ẹ nínú ọjà Sábó, kó o wá padà wá wò ó lójú oòrùn, torí àwọn kan máa ń dúdú sí i tí wọ́n bá ti pẹ́ lójú. Ọlọ́jà tó bá ní kó o má gbé e síta, má ra tiẹ̀.

Ètè: pẹ́ńsùlù búráùn àti gílọ́ọ̀sì. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Àgíríìkì
Ọkùnrin ni mí o, ẹ má lé mi jáde, ọ̀rọ̀ lọ́fíńdà ló fà mí wọlé.

Gbogbo ayé ló ń pariwo Khamrah ti Lattafa, àwọn ará Dubai. Òótọ́ ni, ó dùn, kinamọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, dàbínù wà níbẹ̀, fàńílà wà níbẹ̀, ìgò ẹ̀ gan-an tó ohun tí èèyàn ń gbé sí pálọ̀ káwọn àlejò rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fín in sára lọ́sàn-án gangan tó wá wọ dáńfó tó kún ní Ọ̀gọlóńtò, wọ́n á ti sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó dé Màjídùn. Alẹ́ àti ọjọ́ òjò ni kẹ́ ẹ máa lò ó. Fún ọ̀sán Ìkòròdú, ohun tó ní ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí òróńbó nínú ló dáa jù, ooru á gbé e sókè, kò ní fún ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ẹ̀yin obìnrin ẹ wo Yara, Lattafa náà ló ni ín, ìgò píǹkì yẹn, aya mi ti jẹ ẹ́ tán, ó ti ra òmíràn, ó sì tún ń fi ojú sí tèmi.

Èyí tí èmi ti rà léraléra ni Armaf Club de Nuit Intense Man. Ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn Creed Aventus, lọ́fíńdà olówó ńlá yẹn, rí á mọ ibi tí wọ́n ti rí ọgbọ́n ẹ̀ dá, àmọ́ iye owó àwọn méjèèjì ò jọra rárá o, ilẹ̀ jìn síra.

Ti pé kì í bá ẹ délé, ẹ wo ara páálí kẹ́ ẹ tó sanwó. Eau de Parfum, òróró òórùn tó wà nínú ẹ̀ sábà máa ń pọ̀ ju ti Eau de Toilette lọ, òun ló sì máa ń pẹ́ lára jù. Ìkejì, ara gbígbẹ kì í di lọ́fíńdà mú. Ẹ kọ́kọ́ fi òrí tàbí Vaseline díẹ̀ pa ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn etí, kẹ́ ẹ wá fín in lé e, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ kan ra ìkejì bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú fíìmù. Ẹ fín sí aṣọ náà. Ẹ má gbé ìgò sójú fèrèsé, oòrùn ń bà á jẹ́, inú mọ́tò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí owó odindi ìgò bá wọ̀ lọ́rùn, kó ra dikánt, ìyẹn díẹ̀ tí wọ́n bù láti inú ìgò ńlá sínú ìgò kékeré, tàbí kó lọ bá àwọn tó ń ta olóròóró níwájú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Èyí tí kò ní ọtí nínú máa ń rọra jáde lára ni, á máa bá èèyàn lọ díẹ̀díẹ̀ títí ọjọ́ á fi rọ̀.

Odògúnyàn Babe
Ẹ̀ ń sọ irinṣẹ́, ẹ ò sọ̀rọ̀ iná 😂 Ní àdúgbò wa, ohunkóhun tó bá gbọ́dọ̀ máa wà lójú pulọ́ọ̀gì kó tó ṣiṣẹ́, ọ̀ṣọ́ ilé ni. Èmi fáànù kékeré tí wọ́n ń ṣájì ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún, òun ni mo fi ń fẹ́ gọ́ọ̀mù ìpénpéjú kó dì díẹ̀ kí n tó lẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń gbẹ òógùn mi nígbà tí mo bá ń ṣe ojú lọ́wọ́. Àti iná èékánná tó ń lo okùn USB, páwá báǹkì ń gbé e. Họ́ọ̀tì kóómù tó ń lo bátìrì tí gbogbo wọn ń polówó yẹn, èyí tí mo rà ò gbóná tó ohunkóhun, àfi irun etí nìkan ló lè tẹ̀. Ẹ má sì gbé èyí tó gbóná lóòótọ́ sórí wíìgì oníke o, yíyọ́ ló máa yọ́.

Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀
Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yin ọmọ mi. Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀rín ń pa mí. Ní ìgbà tiwa, òrí la fi ń pa ara, àdín fún irun àti ọmọ tuntun, osùn fún ìyá ìkókó, làálì fún ìyàwó, ó parí. Ọṣẹ dúdú ni mo ṣì fi ń bọ́jú títí dòní, ẹ wá wo awọ mi. Tìróò nìkan ni mo ń rà léraléra bí ẹ ṣe wí yẹn, mo lé díẹ̀ fún ọmọ ọmọ mi lánàá, ẹyinjú ẹ̀ wá mọ́ kedere.

Nọ́ọ̀sì Bayékù
Màmá, ẹ kú àárọ̀ mà. Òrí dáa, àdín dáa, mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí wọn. Ti tìróò ọmọ yẹn nìkan ni, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí mi. Òjé ló wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò tí wọ́n ń lọ̀ láti ara òkúta. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí àwọn òbí ẹ̀ ń lé tìróò fún, Nàìjíríà ni tìróò náà ti wá, ìgbà tí wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò, òjé inú ẹ̀ lé ní 80 nínú 100. Ọmọdé á fọwọ́ ra ojú, á ki ọwọ́ kan náà bọ ẹnu, bó ṣe ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ọpọlọ ọmọ ló sì ń ṣe ní jàǹbá. Kì í hàn lójú o mà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, masikárà tó bá ti lé ní oṣù díẹ̀ tẹ́ ẹ ti ṣí i, ẹ jù ú nù, kòkòrò á ti máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀. Ẹ wo ara ike àwọn ìpara yín, ẹ máa rí àwòrán ike tí ìdérí ẹ̀ ṣí, 6M tàbí 12M ló wà nínú ẹ̀, oṣù tó lè lò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣí i nìyẹn.

Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀
Mo gbọ́, nọ́ọ̀sì, o ṣeun. Mo ti ní kí ìyá ẹ̀ fọ ojú ẹ̀. Tèmi náà ńkọ́? Láti kékeré ni mo ti ń lé e.

Nọ́ọ̀sì Bayékù
Ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀ mà, ẹ gba pẹ́ńsùlù ojú dúdú lọ́wọ́ ọmọ yín obìnrin, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC ara ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé tìróò ni.

Ọmọ Ìgbógbó
Ẹ ṣé gan-an ni ẹ̀yin ará mi. Aṣojúlóge, mo gbìyànjú ti ìpara yẹn láàárọ̀ yìí, mo jẹ búrẹ́dì tán kí n tó kan faǹdéṣọ̀n, mo dé CMS, imú nìkan ló ń dán. Ẹ̀gbọ́n Àgíríìkì, èló ni dikánt Yara lọ́wọ́ yín?

Ẹ̀gbọ́n Àgíríìkì
Wá sí inbọ́ọ̀sì.

Odògúnyàn Babe
Kí ló dé tí ẹ̀yin ọlọ́jà kì í lè sọ iye owó síta gbangba? 😂

Ẹ̀gbọ́n Àgíríìkì
Ìwọ náà wá sí inbọ́ọ̀sì.