Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi lórí kíláàsì àwọn ọmọdé

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará. Mo bi yín bóyá kí n fi iṣẹ́ olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀, torí àdúrà ò wá sí mi lẹ́nu mọ́ látìgbà tí màámi ti kú.

Mo lọ bá alùfáà wa. Ẹ̀wà ló ń ṣà, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní kí n ka Máàkù 9:24: bàbá kan tó mú ọmọ rẹ̀ wá kí Jésù wò ó sàn ní òun gbàgbọ́, ó tún ní kí Jésù ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́, Jésù ò sì lé e. Ó ní kí n sinmi oṣù mẹ́ta. (Ẹni tó ní kí n gbààwẹ̀ nínú yín, ẹ má bínú.)

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọmọ kíláàsì mi kan yọ́ wá bá mi lẹ́yìn, ó ki ẹ̀pà bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́ nígbà ìwàásù.