Ẹ́ńjìnì ọ̀kadà àbí Formula 4, èwo ni kí n fi ọmọ yìí sí?

Bàbá Tóbi: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn wa. Ọmọ mi ti pé 15, ó ti ń wa kart, mọtò ìdíje kékeré tàwọn ọmọdé, tipẹ́, ó wá fẹ́ bọ́ sínú mọtò ìdíje oníjókòó kan báyìí. Formula 4 (F4), ìdíje àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti kart bọ́ sínú mọtò ńlá, ni gbogbo èèyàn ń dárúkọ fún mi, owó tí wọ́n ń pè sì ju agbára mi lọ. Ẹnì kan ní kí n wo àwọn tó ń lo ẹ́ńjìnì ọ̀kadà. Ṣé nǹkan gidi ni?

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì: Nǹkan gidi ni o. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì tí owó ò sí níta, ẹ́ńjìnì ọ̀kadà 500cc ni wọ́n ń gbé sínú mọtò kékeré ní England, inú ẹ̀ ni Stirling Moss, gbajúmọ̀ awakọ̀ ìdíje, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ṣéènì ló ń yí táyà ẹ̀yìn, ìyẹn ni Cooper, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọtò ìdíje, ṣe gbé ẹ́ńjìnì sẹ́yìn awakọ̀, ẹ̀yìn yẹn náà ló wà nígbà tí Jack Brabham fi mọtò Cooper gba Formula 1 ní 1959. Tòde òní, 1000cc tó wà lára ọ̀kadà eré sísá lè lé ní 180 horsepower, 160 ni F4 àkọ́kọ́ tó jáde ní 2014 ní. Gíà ẹ̀ ti wà nínú ẹ́ńjìnì, ẹ ò ní ra gíábọ́ọ̀sì lọ́tọ̀, èyí tó wà lára ọ̀kadà tó ti fara gbá lẹ lè rà, tó bá bàjẹ́ ẹ gbé òmíì sí i. Ti F4, wọ́n ti fi sílì dí i, ẹ ò gbọdọ̀ tú u fúnra yín.

Bàbá Tóbi: Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Kí ló wá burú níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì: Ọ́ìlì! Ọ̀kadà máa ń dẹ̀gbẹ́ tó bá ń gba kọ́nà, ọ́ìlì á wà nísàlẹ̀ níbi tí pọ́ǹpù ti ń fà á, àmọ́ mọtò kì í dẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì á ya lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pọ́ǹpù á máa fa atẹ́gùn, ká tó ṣẹ́jú ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì. Bí tèmi àkọ́kọ́ ṣe lọ nìyẹn, ó dùn mí gan-an torí ẹni tó tà á fún mi búra pé wọ́n ti ṣe é. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ibi ọ́ìlì ẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí i pé wọ́n ti fi nǹkan dábùú ẹ̀, tàbí kó jẹ́ dry sump, ìyẹn èyí tí ọ́ìlì ẹ̀ ń wà nínú táńkì lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó. Kílọ́ọ̀ṣì náà ń tètè jẹ, mọtò wúwo ju ọ̀kadà lọ, gbígbéra níbẹ̀rẹ̀ eré ló ń pa á, ẹ máa tọ́jú òmíì sínú báàgì.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ n fi kún un. Ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú F4 ní ìparí sáà ń gba pọ́íǹtì 12 nínú 40 tí FIA, àjọ tó ń darí eré mọtò lágbàáyé, ń bèèrè kó tó lè wọ Formula 1, ti ọ̀kadà ò ní pọ́íǹtì kankan. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà yẹn lọmọ yín ń lé, ẹ wá onígbọ̀wọ́ báyìí o. Tó bá jẹ́ pé kó mọ mọtò wà ni, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí Formula Ford náà, mọtò ìdíje oníjókòó kan míì, ó ti wà láti 1967, kò ní ìyẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ mọtò mọ́lẹ̀, táyà ẹ̀ kì í di ilẹ̀ mú púpọ̀, ọmọ á mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì.

Bàbá Tóbi: Tobi ní òun fẹ́ wà á lọ́pọ̀ ìgbà ju kóun jókòó sílé máa wá owó lọ. Ti ọ̀kadà la máa lọ wò lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa lọ, màá wá gbé yín.

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì: Ẹ pè mí láago méje. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n iye mọtò tó máa ń wá sáré ní kíláàsì yẹn, kó má jẹ́ mẹ́ta péré.