Ìwé tó ń kọ́ni ní idán pípa: ṣé fọ́tò ni kí n lò àbí àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà?

KáàdìLọ́wọ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti bí oṣù méjì. Mò ń kọ ìwé kékeré kan lórí idán pípa, Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́, fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Idán méjìlá ló wà níbẹ̀, ti káàdì, ti owó ẹyọ (kọ́ìnì), ti okùn, ti áńkáṣíìfù. Kò sí ti oògùn kankan nínú ẹ̀ o, ọwọ́ yíyá àti ojú títàn ni gbogbo ẹ̀, ìdí tí mo sì fi ń kọ ọ́ gan-an nìyẹn, torí tí ọmọ bá ti lè mú káàdì pòórá ládùúgbò wa báyìí, wọ́n á ní ta ló fún un ní nǹkan jẹ.

Ọ̀rọ̀ inú ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, àwòrán ló kù. Mo ní kí àbúrò mi fi fóònù ya ọwọ́ mi, a ya bí ọgọ́ta, lójú fóònù wọ́n dùn ún wò, ni mo bá kó mẹ́wàá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò fún mi ní dúdú àti funfun torí owó kọ́lọ̀ ò sí. Nígbà tí mo rí i, àyà mi já. Ọwọ́ mi ti di nǹkan dúdú kan ṣáá, mi ò mọ ibi tí àtàǹpàkò parí sí àti ibi tí ìka kejì ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó yẹ kó fi ọmọńdinrín hàn níbi tó ti di àlàfo kékeré mú láàárín àwọn káàdì lẹ́yìn, òjìji ti bò ó pátápátá, káàdì nìkan ló funfun níbẹ̀.

Ayàwòrán kan ní òun á yà á, àmọ́ owó tó pè fún ọgọ́ta kì í ṣe kékeré, kò sì pidán rí láyé ẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ìwé kọ́ idán rí ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀ jù. Èwo ló yé yín jù?

Bọ̀dá_Pẹ́ńsù
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Àwòrán yíyà ni mo fi ń jẹun, ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó ṣe fọ́tò yín yẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò ní dúdú díẹ̀ àti dúdú púpọ̀, íǹkì kan náà ló ní, ó máa ń fọ́ fọ́tò sí àmì bíńtín-bíńtín ni, bí orí abẹ́rẹ́, ibi tó bá dúdú, àwọn àmì yẹn á tóbi, wọ́n á sún mọ́ra, tí pépà ò bá wá dáa íǹkì á tàn ká, gbogbo ẹ̀ á lẹ̀ di ọ̀kan. Àwọ̀ tiwa dúdú, òjìji àárín ìka náà dúdú, ibo ni ìlà fẹ́ gbà hàn? Tó bá jẹ́ ìlà dúdú lórí pépà funfun, kódà tí wọ́n bá ṣe fọtokópì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta á ṣì hàn ketekete.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ tiyín ni pé àwòrán lè fi ohun tó pamọ́ hàn. Ká ní ẹ fi owó ẹyọ pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ wá kọ ẹ̀yìn ọwọ́ sí àwọn tó ń wò yín. Fọ́tò ẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ lásán ni, ẹ ní láti tún ya òmíràn látinú. Èmi, màá ya ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn, màá fi ìlà gígé-gígé ya róbótó kan sáàárín ẹ̀, ọmọdé á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ibẹ̀ lowó wà. Tí ìka bá máa sún, màá fi ọfà kékeré sí i.

Ní ti owó, ẹ má jẹ́ kí ayàwòrán yẹn ya ọwọ́ látinú orí ẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń pọ̀ tí owó ń gorí owó. Ẹ tún fọ́tò yín yà lẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sẹ́yìn ọwọ́, ẹ má tan fíláàṣì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kó fi trésìn pépà, pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń jẹ́ ká rí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀, lé e lórí, kó fa ìlà tó wúlò nìkan: etí ìka, èékánná, etí káàdì, ó tán. Ọwọ́ kan ò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ bẹ́ẹ̀, iye tó pè á já wálẹ̀.

OnídánPeckham
London ni mo wà, mò ń pidán níbi ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí àwọn ọmọdé. Ìgbà tí mo wà ní kékeré n'Íbàdàn, Professor Peller ló kó idán sí mi lórí, àmọ́ ìwé ni mo fi kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó kọ́ mi.

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ayàwòrán, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan kún un. Àwòrán máa ń sọ àsọdùn kó lè yéni. Àlàfo tí ọmọńdinrín ń dì mú yẹn, tí wọ́n bá yà á bó ṣe rí gan-an kò ní hàn, wọ́n á wá yà á kó fẹ̀ bí ẹnu àpò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń ṣe é fún odindi ọdún kan, gbogbo ẹni tó bá jókòó sápá ọ̀tún mi ló ń rí i, mi ò sì mọ̀, àfìgbà tí ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi lẹ́yìn òde kan. Ojú tì mí gan-an lọ́jọ́ yẹn. Fọ́tò ò ní ṣì mí lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ìwé tí Lewis Ganson kọ lórí idán Dai Vernon, gbajúmọ̀ onídán káàdì, London níbí ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1957, fọ́tò ni wọ́n lò, ohun tí ọwọ́ èèyàn lè ṣe lóòótọ́ lo máa rí níbẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá ya àlàfo yẹn ní fífẹ̀, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ní tòótọ́ kò ju etí èékánná lọ.

Wíwo ọwọ́ gidi yà yẹn, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní Erdnase tẹ ìwé káàdì kan jáde ní Chicago ní 1902, M. D. Smith ló ya àwòrán 101 tó wà nínú ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú ìwé pé ọwọ́ gidi ló wò tó fi yà á. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún, a ṣì ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Harlan Tarbell l'Amẹ́ríkà wá dáa jùyẹn lọ torí ayàwòrán ni, onídán ni, òun fúnra ẹ̀ ló ya àwòrán ẹ̀kọ́ idán tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sáwọn èèyàn nípọ́ọ̀sì láwọn ọdún 1920. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé kẹ́ ẹ kọ́ ayàwòrán yín ní idán méjì kó tó mú pẹ́ńsù. Tọ́wọ́ ẹ̀ bá ti mọ̀ ọ́n, kò ní fi ìka síbi tí ò yẹ.

Ọ̀rọ̀ oògùn tẹ́ ẹ mẹ́nu bà, ó wọ̀ mí lára. Ní 1584, Reginald Scot n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé láti fi sọ pé ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn nípa àjẹ́ kò tọ̀nà, ó sì fi àwòrán àwọn ọ̀bẹ onídán sínú ẹ̀, èyí tí wọ́n gé láàárín kó lè dà bíi pé ó gún apá wọlé. Èèyàn tó bá rí ihò inú ọ̀bẹ yẹn, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ ṣàlàyé fún un?

Ẹ tún rántí o, ibi tójú ẹni tó ń pidán wà ni kẹ́ ẹ ti yà á, kì í ṣe ibi tí òǹwòran jókòó sí.

Fẹ́mi_Tẹkí
Kí lẹ ń náwó sí? Ẹ ní kí AI yà á, ìṣẹ́jú méjì.

Bọ̀dá_Pẹ́ńsù
Àbúrò, mo ti gbìyànjú ẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Ọwọ́ tó máa gbé jáde á rẹwà, àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ tó o ní kó yà. O ní kí ọmọńdinrín wà lẹ́yìn káàdì, á gbé e síwájú, á wá dà bíi pé ó tọ̀nà, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ á sì máa tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Tíṣà
Ọmọ mi, o ṣeun tó ò ń ṣe é ní Yorùbá, Ọlọ́run á tì ẹ́ lẹ́yìn. Ohun tí mo rí lára àwọn ọmọ ni mo fẹ́ sọ. Tí àwòrán bá kọjú sí wọn, ọwọ́ òdì ni wọ́n máa ń lò, ti ọ̀tún á di ti òsì, kódà àwọn tó ti tó ọdún mẹ́rìnlá. Ohun tí onídán yẹn sọ nípa ibi tójú wà, má fojú kéré ẹ̀. Ìkejì, má kó àwòrán sẹ́yìn ìwé. Tọ́mọ bá ń ṣí ewé síwá sẹ́yìn, tó tún di káàdì mú, káàdì á já bọ́, á sú u, á pa ìwé dé. Kó o tó tẹ ẹgbẹ̀rún kan, wá ọmọ méjì, fún wọn ní ojú ewé kan, jókòó, má sọ nǹkan kan.

KáàdìLọ́wọ́
Mà, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀yin tó kù náà, mo dúpẹ́. Mo ti ṣe é. Mo mú idán tí wọ́n ti ń gbé káàdì méjì bíi pé ẹyọ kan ni, mo fi fọ́tò ṣe ojú ewé kan, mo wá fi trésìn fa ìlà sí èkejì fúnra mi, bó ti wù kó wọ́ tó. Mo fún ọmọ aládùúgbò wa ọkùnrin ti fọ́tò, mo fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ti ìlà. Ọkùnrin yẹn ń yí ìwé po, ó ń gbé e súnmọ́ iná, ó ní, "Bọ̀dá, ìka wo nìyí?" Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni obìnrin yẹn gbìyànjú ẹ̀ tó fi mọ̀ ọ́n. Mo wá pààrọ̀ ojú ewé fún wọn, ọkùnrin yẹn náà ṣe é. Àmọ́ àwọn méjèèjì ló ya àlàfo yẹn gbàgà bí onídán Peckham ṣe sọ, ojú ẹsẹ̀ ni mo ti kọ "kò ju etí èékánná lọ" sábẹ́ ẹ̀.

Torí náà, ìlà ni màá lò. Fọ́tò kan ṣoṣo ni màá fi síwájú ìwé, ọwọ́ mi méjèèjì lófìfo, apá ẹ̀wù ká dé ìgúnpá, mo fẹ́ káwọn òbí rí i kí wọ́n tó ṣí ìwé. Ayàwòrán yẹn ti gbà kí n kọ́ òun ní ti owó ẹyọ àti ti káàdì, iye tó pè náà ti wálẹ̀ díẹ̀. Sátidé la máa tún fọ́tò yà lójú fèrèsé, mo ti yá aṣọ funfun lọ́wọ́ màmá mi.